Ohun tó bá dé inú àwo ni mo ń kà

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà pé oògùn kan ní láti wà tí mo ń lò tí owó oúnjẹ ilé wa fi ń dé òpin oṣù. Kò sí oògùn kankan. Ìwé kékeré kan ló wà, bírò kan, àti òṣùwọ̀n ilé ìdáná kan tí kò tóbi ju àwo lọ. Bàbá àwọn ọmọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo ra òṣùwọ̀n yẹn, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ máa ta wúrà ni. Àmọ́ láti ìgbà tó ti wọlé, ìbéèrè tí mo ń gbé lọ sọ́jà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Èló ni?" ni. Ní báyìí, mo máa ń bi ara mi pé, owó tí mo fẹ́ san yìí, kí ló máa gbé dé inú àwo?

Kí n tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nílé wa. Rédíò á sọ pé ọ̀wọ́n gógó ti dínkù. Èèyàn á dé ọjà, á bá gbogbo nǹkan lókè níbi tó fi wọ́n sí. Bàbá àwọn ọmọ á ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Irọ́ kọ́ o. Bí ọjà ṣe ń sáré gun òkè sí ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò wọn ibi tó gùn dé. Ká ní ohun tó jẹ́ 100 lọ́dún kan di 120 lọ́dún kejì, tó wá di 126 lọ́dún kẹta. Wọ́n á ní ọ̀wọ́n ti wálẹ̀ láti ìdá 20 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n 126 lèmi máa san. 100 ti lọ, kò sì jọ pé ó ń bọ̀ mọ́.

Ẹ wo 2022. Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine ní oṣù Kejì. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹta, ìṣirò iye owó oúnjẹ tí FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, máa ń gbé jáde lóṣooṣù ti ga ju bó ṣe ga rí láti 1990 tí ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ukraine ló ń ta òróró sunflower sílẹ̀ òkèèrè jù lọ láyé nígbà náà. Bí ìyẹn ṣe há, gbogbo ayé ya bo òróró ọ̀pẹ. Ní ìparí oṣù Kẹrin, Indonesia, tó ń ta epo ọ̀pẹ jù lọ lágbàáyé, tún ní òun ò ní jẹ́ kó jáde mọ́, ó sì tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tú u sílẹ̀. Ẹni tí kò fojú kan òróró sunflower rí láyé rẹ̀ sanwó ogun yẹn nínú ìgò òróró tirẹ̀. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò, gáàsì náà sì wọ́n. Ìṣirò FAO bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kí ọdún yẹn tó parí. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà ní ilé ìtajà ò bá a wálẹ̀ lọ́gbọọgba, torí pé owó ọkọ̀, owó iná, owó òṣìṣẹ́ àti owó ọ̀rá tí wọ́n di ọjà sí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iye yẹn. Nítorí náà, mi ò dúró de kí ọjà padà síbi tó wà mọ́. Ìdúró yẹn pàápàá ń náni lówó, torí ẹni tó bá ń retí pé yóò wálẹ̀ láìpẹ́ kò ní tún ètò ilé rẹ̀ tò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ni pé kó lọ ka ìdá tí oúnjẹ ń jẹ nínú owó tó ń wọlé fún un. Ará Jámánì kan, Ernst Engel, ti wo irú ìwé ìnáwó bẹ́ẹ̀ ní 1857, ti àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ní Belgium ló lò. Ohun tó rí ni pé bí ìdílé bá ṣe tálákà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdá owó wọn tó ń bá oúnjẹ lọ ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò méjì fi lè jọ ra ọjà kan náà lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan á máa kùn lásán, tí èkejì á máa wá ẹni tó máa yá a lówó. Ẹ kó gbogbo ohun tó bá gba ẹnu kọjá pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣírò: ìpápánu, ohun mímu, oúnjẹ tẹ́ ẹ rà jẹ níbi iṣẹ́, ìyẹn tí ọmọ rà nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka ọjà ọ̀sẹ̀ nìkan, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé ibo lowó gbà lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ọmọbìnrin mi àgbà ló ń bá mi lọ sọ́jà báyìí, ìṣirò yá a lórí jù mí lọ, ó sì fẹ́ràn kó máa tú àṣírí oníṣòwò. Lọ́jọ́ kan, a dúró níwájú ìrẹsì. Ọ̀rá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gíga kan náà, fífẹ̀ kan náà. Wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ọ̀kan, wọ́n kọ "Ẹ̀dínwó" sí i gàdàgbà. Obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti kó mẹ́ta nínú rẹ̀. Ọmọ mi gbé ọ̀kan, ó yí i dojú dé, ó fi èékánná tọ́ka sí ìsàlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ wò ó. 800 gíráàmù nìyí. Kílò kan gbáko ni èyí tí kò ní ìwé pupa."

"Èló ni wọ́n ń ta ìkọ̀ọ̀kan?"

"Ká pe kílò yẹn ní 100. 90 ni wọ́n pe eléyìí." Ó tẹ fóònù rẹ̀. "Tí èyí náà bá pé kílò, ó lé ní 112. Ẹ̀dínwó wo nìyẹn?"

Obìnrin yẹn gbọ́ wa. Ó wo ọ̀rá mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan.

Láwọn ibì kan, òfin ti bá oníbàárà ṣe ìṣirò yìí. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ní òfin láti 1998 tó ní kí ilé ìtajà kọ iye tí kílò tàbí lítà kan jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ọjà fúnra rẹ̀ jẹ́. Ọsirélíà náà mú un ní dandan fáwọn ilé ìtajà ńláńlá ní 2009. Tí nọ́ńbà kékeré yẹn bá wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ra ọjà, òun ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sílẹ̀. Tí kò bá sí, fóònù yín ṣáà ní ẹ̀rọ ìṣirò nínú. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan, ojú á ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní máa tẹ fóònù lórí gbogbo nǹkan.

Ẹ má ṣe gbà pé èyí tó tóbi ló máa ń dín owó o. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé a ti gbà bẹ́ẹ̀ sọ́kàn. Mo ti rí agolo ńlá tó wọ́n ju méjì kékeré lọ.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ọjà tó ń rù níbi tí owó rẹ̀ ò ti yẹ̀. Ọ̀rá náà ò yí padà, àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà, iye tí wọ́n ń tà á wà bó ṣe wà, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti fi ibi kan lọ. Wọ́n á ki ìdí ìgò wọnú díẹ̀ sí i. Wọ́n á fi atẹ́gùn kún ọ̀rá bisikíìtì. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwọ̀n sínú ìwé mi pẹ̀lú iye owó, torí kò sẹ́ni tó lè rántí pé 500 gíráàmù ni nǹkan jẹ́ lọ́dún tó kọjá kó tó di 450. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Carrefour, iléeṣẹ́ tó ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńláńlá ní ilẹ̀ Faransé, lẹ ìwé mọ́ àwọn ọjà tó ti rù ní ilé ìtajà wọn kí oníbàárà lè mọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje 2024, ìjọba Faransé sọ ọ́ di òfin pé kí àwọn ilé ìtajà tó tóbi máa kéde rẹ̀ síwájú ọjà náà fún oṣù méjì. Èmi ò sí ní Faransé, ìwé mi ló ń ṣiṣẹ́ yẹn fún mi.

Ó tún ní ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan kì í dín ìwọ̀n kù, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń yí. Ní oṣù Kẹta 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là nínú ọjà àgbáyé. Ẹni tó ń ṣe ṣokoléètì á wá fi súgà àti ọ̀rá mìíràn dípò kòkó díẹ̀díẹ̀. Mílíìkì á di "ohun mímu" tí wọ́n fi òróró pò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọjà. Èyí tó wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e. Tí súgà bá jókòó sípò kìíní nínú nǹkan tẹ́ ẹ rà nítorí èso, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ ń san owó lé lórí.

Gbogbo ènìyàn ló máa ń gbani níyànjú pé ká ra ọjà lọ́pọ̀. Èmi rò pé wọ́n yin ìmọ̀ràn yẹn jù. Ẹni tó lówó láti ra àpò kan lẹ́ẹ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ wà nínú ìṣòro. Ẹni tó wà nínú ìṣòro ló ń ra díẹ̀díẹ̀, òun náà ló sì ń san jù lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aládùúgbò kan àti èmi máa ń dáwó ra àpò kan, a ó wá fi òṣùwọ̀n pín in lójú ara wa. Òṣùwọ̀n yẹn dára fún ìfẹ́ láàárín ẹbí, torí kò sẹ́ni tó ń fojú díwọ̀n, kò sì sẹ́ni tó ń ro nǹkan nínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà tàbí ìrẹsì pẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi sínú fírísà fún bí ọjọ́ mẹ́rin, kí kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ lè kú, kẹ́ ẹ tó dà á sínú ike tí ìdérí rẹ̀ há.

Ọjà ọ̀pọ̀ tún ní ewu kan táwọn tó ń gbà wá níyànjú kì í sọ. Nígbà tí òróró bá kún ilé, ọwọ́ ẹni tó ń dáná máa ń wúwo. Mo rí i nínú ìwé mi. Lítà márùn-ún tí mo rà kí ó lè pẹ́ kì í pẹ́ tó ìgò kéékèèké márùn-ún. Ní báyìí, mo máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ pẹpẹ, níbi tí iná ò ti ń tàn sí i, mo sì ń dà á sínú ìgò kékeré tí mo lu ìdérí rẹ̀ ní ihò kan ṣoṣo. Ìgò kékeré yẹn nìkan ni àwọn ọmọ mọ̀.

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó ń kúnni níkùn ló ń ṣara lóore. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, ohun tí ilé kọ́kọ́ máa ń yọ ni ẹran, ẹja, ẹyin, èso. Èyí tó kù á wá di ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, a ó sì máa rà á sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti wọ́n. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń jiyàn lórí rẹ̀ láti 1895, nígbà tí Alfred Marshall kọ ọ́ pé Robert Giffen ló ṣàkíyèsí rẹ̀ lórí búrẹ́dì àwọn tálákà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹ̀rí tó dájú. Ní 2008, Robert Jensen àti Nolan Miller gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ìdílé aláìní ní Hunan, ní Ṣáínà, jáde. Wọ́n bá wọn san lára owó ìrẹsì. Kàkà kí wọ́n ra ìrẹsì sí i, ṣe ni wọ́n dín in kù. Nígbà tí ìrànwọ́ yẹn dáwọ́ dúró, wọ́n tún padà sídìí ìrẹsì. Mo ka èyí, mo ṣí ìwé mi, mo bá ilé tiwa níbẹ̀: ìlà ìrẹsì ń gùn, ìlà ẹyin ń kúrú.

Ibẹ̀ ni ẹ̀wà ti wọlé. Kílò ẹ̀wà gbígbẹ kan, tó bá jinná, á lé ní kílò méjì. Agolo ẹ̀wà tó kọ 400 gíráàmù sára, tẹ́ ẹ bá da omi rẹ̀ nù, ẹ̀wà tó wà nínú rẹ̀ kò ju bíi 240 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé kílò gbígbẹ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agolo mẹ́wàá. Ẹ fi iye agolo mẹ́wàá wé iye kílò kan níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí. Wọ́n á ní gáàsì ńkọ́? Mo máa ń rẹ ẹ́ mọ́jú, mo máa ń se púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń pín in sínú ike kéékèèké lọ sí fírísà. Iná ẹ̀ẹ̀kan, oúnjẹ ọjọ́ púpọ̀. Ọmọkùnrin mi kékeré sunkún lórí ẹ̀wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀wà ń bá òun wí nínú ikùn. Mo dín in kù fún un, mo fi ẹyin kún un. Òun náà ti ń jẹ ẹ́ báyìí, kò tíì gbà pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Adìyẹ odindi náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀, owó ọ̀bẹ wà lára rẹ̀. Èmi náà ní ọ̀bẹ. Eegun á di omi ọbẹ̀.

Ní ti oúnjẹ tó ń ṣòfò, Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UNEP, sọ nínú ìròyìn wọn ti 2024 pé oúnjẹ tó lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ló ṣòfò láyé ní 2022, àti pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wá láti inú ilé. Nínú ilé nìkan, ó tó kílò 79 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ẹni tó bá rò pé ilé olówó nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀ kó gbé abọ́ kan sílẹ̀ nílé ìdáná, kó máa da gbogbo ohun tó bá fẹ́ dànù sínú rẹ̀ kó tó gbé e lọ síta. Tiwa kún fún èèpo búrẹ́dì àti ìrẹsì tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìkòkò. Ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù, mi ò jẹ́ kó pẹ́ níta mọ́. Kó tó wákàtí kan sí méjì ó ti wọ fíríìjì, torí kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tó máa ń yè é lójú iná, tó sì ń da inú rú tí ìrẹsì bá sùn síta. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ọjà náà, ẹ kà á dáadáa. Èyí tó ní "ó dára jù ṣáájú" ń sọ nípa adùn. Èyí tó ní "lò ó ṣáájú" ni kẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún. Mo mọ àwọn tó ń da ìrẹsì gbígbẹ nù torí ọjọ́ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ìrẹsì gbígbẹ!

Nǹkan kan wà tí òṣùwọ̀n fi hàn mí tí mi ò wá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹni tó ń bu oúnjẹ ló máa ń bu tirẹ̀ gbẹ̀yìn, tirẹ̀ náà ló sì máa ń kéré jù. Bí ọjà ṣe ń wọ́n, ibẹ̀ ni àìtó náà ń forí pamọ́ sí. Ilé á máa rò pé àwọn ti borí ọ̀wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ìyá ló ń jẹ ìdajì. Kò ní hàn nínú ìwé ìnáwó kankan. Mo wá sọ fún gbogbo ilé pé láti òní lọ, gbogbo àwo á wà lórí tábìlì pa pọ̀, tèmi náà láàárín wọn, kí n tó bu ẹyọ kan. Ẹran tó wà nínú ìkòkò, ọgbọọgba la ó pín in.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, bàbá àwọn ọmọ wo ẹran tó wà nínú àwo wọn, wọ́n wo tèmi.

"Ṣé bó ṣe máa ń kéré tó nìyí?"

"Bó ṣe ń kéré tó nìyẹn, sà. Ẹ̀yin ni ẹ ń jẹ tèmi mọ́ ọn."

Wọn ò dáhùn, wọ́n jẹun tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé ìwé yẹn wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, wọ́n béèrè ohun tí àwọn lẹ́tà kéékèèké mi túmọ̀ sí, wọ́n sì bá ìlà ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn máa ń gbé wálé ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀. Ó ju owó ẹyin gbogbo ilé lọ. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á, wọ́n sì kọ "ẹyin" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin mi ti ń béèrè bóyá nípa iye ni a ó máa ra ẹyin yẹn ni tàbí nípa ìwọ̀n, torí ẹyin kéékèèké ti pọ̀ jù lọ́jà báyìí.